Fìlà Ògúnjìnmí Kì Í Jáde Lófìfo

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, 1994.

Ìyàwó wa Fúnmilọ́lá,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Òtútù ibí ò ṣe é fẹnu sọ. Shalom ọmọ mi ń kí yín. Ó ti ń lọ sílé ìwé, àmọ́ tí mo bá sọ Yorùbá sí i, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi Jùwọ́n ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Tí mo bá rántí pé ilẹ̀ ló ya bò ó mọ́ kòtò góòlù ní Itagunmodi, tí mi ò sì lè wá sin ín, ńṣe ni oúnjẹ máa ń korò lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé ẹ retí mi níbi ìsọmọlórúkọ náà. Ìwé ìgbélùú mi ni kò tíì jáde. Tí mo bá jáde nílùú yìí báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Má sọ ìyẹn fún Màmá.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kó fìlà àwọn sójà àtijọ́ jọ, àwọn èyí tí wọ́n dé jagun ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é níbí. Ọjọ́ Sátidé la máa ń pàdé, kálukú á gbé tiẹ̀ wá. Mo ní fìlà gíga dúdú kan tí wọ́n fi awọ ṣe, tó ní báàjì idẹ níwájú. Mo ní àkẹtẹ̀ funfun líle tí àwọn sójà òyìnbó máa ń dé nínú oòrùn ilẹ̀ wa. Mo ní fìlà pupa àwọn sójà Háúsá tí gómìnà Èkó ìgbà yẹn máa ń rán kiri. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n wà, ìbọ̀wọ́ funfun ni mo fi ń gbé wọn.

Ní Sátidé tó kọjá, bàbá òyìnbó kan nínú wa wo àpótí mi, ó ní, "Àwọn èèyàn tìẹ ńkọ́? Kí ni àwọn dé jagun?" Kí n tó la ẹnu, ẹlòmíràn ti dá a lóhùn pé, "Wọn ò dé nǹkan kan. Wọ́n kàn ń sáré kiri nínú igbó ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fúnmilọ́lá, ara mi gbóná. Ogun Kiriji tí àwa Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà, ọdún mẹ́rìndínlógún ló gbà. Bàbá ńlá wa Ògúnjìnmí wà ní ibùdó ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Kì í ṣe orí lásán ló gbé lọ síbẹ̀.

Fìlà ẹ̀ yẹn ni mo fẹ́. Ìwọ ni ìyàwó kékeré ilé, ọwọ́ ẹ ló wà. Mo fẹ́ gbé e síwájú wọn kí ẹnu wọn wọhò. Akeem ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ń bọ̀ wálé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Òun ni kó o fún. Kọ́kọ́ gbé e kúrò lórí àjà ilé ìdáná, èéfín máa ń ba awọ jẹ́. Má fọ̀ ọ́. Má fi òróró pa á. Aṣọ funfun ni kó o fi wé e, kó o fi káfúrà sí i. Ihò ọta ìbọn tó wà lápá òsì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán an pa. Má sì jẹ́ kí Bàbá Béjidé gbọ́. Lóòótọ́ àwọn ni olórí ẹbí, àmọ́ ariwo wọn ti pọ̀ jù.

Olúwa á máa ṣọ́ yín fún mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ,
Bọ́lárìnwá.


Iléṣà,
Ogúnjọ́ oṣù kẹta, 1994.

Bàbá Shalom,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò. Màmá ń kí yín. Ẹsẹ̀ wọn ṣì ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìbùkúnolúwa ti ń jókòó, gbogbo nǹkan tọ́wọ́ ẹ̀ bá ti bà ló ń jù sẹ́nu. Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé márùn-ún ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó ti tó. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tún ń wo fèrèsé.

Mo ka ìwé yín tán, mo tún un kà. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé yìí jù mí lọ, kì í ṣe èmi ni máa kọ́ yín. Àmọ́ bóyá ọjọ́ ti pẹ́. Ọdún tí mo dé ilé, Màmá mú mi lọ sí ilé ìdáná, wọ́n nawọ́ sí àjà, wọ́n ní, "Ìwọ ló kàn." Wọ́n ní ìyàwó Ògúnjìnmí ló gbé fìlà yẹn bọ̀ láti Ìmẹ̀sí-Ilé. Lófìfo ló gbé e wọlé, orí tó ni ín ò bá a bọ̀. Wọ́n ní àtọjọ́ náà, fìlà yẹn ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé lófìfo mọ́. Tó bá máa jáde, orí ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ dé e jáde. Orí tó bá sì dé e jáde, orí yẹn náà ló gbọ́dọ̀ dé e padà wọlé. Màmá ní kí n búra. Mo búra.

Èwo wá ni ti aṣọ funfun àti káfúrà? Nínú báàgì Akeem, orí ta ló máa wà nínú ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kejì ló ń dẹ́rù bà mí jù. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé yìí, ẹni tó bá bá bàbá wọn mu ọmú ìyá kan náà ló máa ń gbé fìlà yẹn bò wọ́n lórí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n bò yín. Wọ́n bo àbúrò yín. Ìbùkúnolúwa nìkan ni wọn ò bò, torí pé ẹ̀yin nìkan lẹ bá bàbá ẹ̀ mu ọmú kan, ẹ ò sì sí nílé. Bàbá Béjidé ní ká dúró dè yín. A ń dúró. Àmọ́ ẹnu ayé ò dúró. Ikú àbúrò yín ti lé ní oṣù mẹ́jọ kí n tó bí i. Àwọn kan ti ń fi ìka ka oṣù. Ìyàwó Bàbá Béjidé bi mí lójú gbogbo èèyàn níbi tí a ti ń bó obì, ó ní, "Ìyá Ìbùkún, orí ọmọ yìí, ṣé ó mọ ọ̀nà ilé yìí ṣá?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wọlé ni mo sunkún.

Tí fìlà yẹn bá fi lè lọ kó tó kan orí ọmọ mi, ọmọ mi ò ní ilé mọ́ nìyẹn. Òun ò mọ bàbá, kò tún ní mọ ilé bàbá. Ẹ dákun, ẹ wá bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá lè dé e wọ bàálù, ẹ dé e wọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá ti máa dé e padà. Tí ẹ ò bá wá, ẹ jẹ́ kó wà lórí àjà. Èéfín tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn ni kò jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí wá.

Ẹ má bínú sí mi.

Ìyàwó yín,
Fúnmilọ́lá.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin, 1994.

Fúnmilọ́lá,

Ìwé ẹ dé. Mo dúpẹ́ pé Màmá ń rìn.

Ohun tó kù nínú ìwé yẹn ò dùn mọ́ mi. Wọ́n ti fi fìlà yẹn bò mí lórí kí wọ́n tó bí ẹ. Ìwọ ò lè máa ka òfin ilé bàbá mi fún mi. Òfin tó ò ń sọ yẹn, ìgbà tí kò sí bàálù ni wọ́n ṣe é. Òkú ogun ló ń bà wọ́n lẹ́rù nígbà náà. Ogun ti tán! Nǹkan tó yẹ kí gbogbo ayé rí lẹ gbé há orí ààrò, tí èéfín iṣu ń rú sí.

O ní kí n wá. Ṣé o ka ìwé mi ṣá? Ta ni kò wù láti wá? Tí mo bá wá, Shalom ò ní rí bàbá ẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ọmọ tìẹ nìkan kọ́ ni ọmọ.

Jẹ́ kí n tún sọ ọ̀kan tí mi ò fẹ́ sọ. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni wọ́n bí ẹ sí. Nígbà tí Ògúnjìnmí ń jagun, ẹ̀yin Òṣogbo, ẹ̀yìn Ìbàdàn lẹ wà. A fẹ́ ọmọ ọ̀tá sílé, a ò wí nǹkan kan. Ó wá kù kí ọmọ ọ̀tá máa ṣọ́ fìlà wa mọ́ wa lọ́wọ́!

Ní ti ọmọ, mi ò sọ pé kì í ṣe ti Jùwọ́n. Mi ò sì sọ pé tiẹ̀ ni. Mi ò tíì rí i. Akeem á rí i, á sọ fún mi.

Oṣù tó ń bọ̀ ni Akeem ń bọ̀. Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé fìlà Kiriji wà lọ́nà. Wọ́n ti ya tábìlì kan sọ́tọ̀ fún mi ní Sátidé kejì oṣù kẹfà, wọ́n sì lẹ orúkọ mi mọ́ ọn lára. Tí Akeem bá fi lè kúrò ní Iléṣà lọ́wọ́ òfo, mo máa ní kí Bàbá Béjidé gba kọ́kọ́rọ́ yàrá Jùwọ́n lọ́wọ́ ẹ. Kó o gbé ọmọ ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ.

Mo ti sọ tèmi.

Bọ́lárìnwá.


Iléṣà,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún, 1994.

Bàbá Shalom,

Ẹ kú àjò. Akeem wà ní pálọ̀, ó ń jẹ iṣu tí Màmá ní kí n gún fún un. Ó ń wo ọmọ mi lórí bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò. Mo ní, "Bọ̀dá Akeem, ṣé kí n yí i sẹ́yìn fún yín?" Ó ní rárá, òun ti rí i.

Ẹrù yín rè é. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo fi káfúrà sí i bí ẹ ṣe wí. Mi ò fọ̀ ọ́, mi ò fi òróró pa á. Mo ti kìlọ̀ fún Akeem pé kó má tú u lójú ọ̀nà.

Mò ń kánjú, ìyẹn ni ìwé yìí ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá ń kí yín, wọ́n ní kí ẹ máa jẹun.

Fúnmilọ́lá.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, 1994.

Fúnmilọ́lá,

Mi ò kí ẹ. Kí Màmá fún mi.

Ní Sátidé, mo wọ kóòtù. Mo wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Gbogbo ẹgbẹ́ pé yí mi ká, àwọn kan tiẹ̀ mú ìyàwó wọn wá. Mo kọ́kọ́ sọ ìtàn Kiriji fún wọn, bí ìbọn ṣe ń dún láàárín òkè méjì títí tó fi di orúkọ ogun. Gbogbo wọn sún mọ́ tábìlì. Mo sọ bí Ògúnjìnmí ṣe kú. Lẹ́yìn náà mo tú aṣọ àkọ́kọ́. Mo tú ìkejì.

Fìlà Bọ́ìsì Brìgéèdì! Fìlà kékeré dúdú onílà funfun, tó ní okùn àgbọ̀n, tí bàbá mi Elisha dé nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì!

Bàbá òyìnbó yẹn gbé e, ó yí i wò, ó ní, "Ó dáa o. Èmi náà dé irú ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, àmọ́ mi ò mọ̀ pé a jagun." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ní láti lọ jókòó. Èmi ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Èmi àti Ògúnjìnmí. Lójú wọn, irọ́ ni mo pa, Kiriji náà, irọ́ ni.

Mo ti rò ó, mo ti yí i. O ti ta fìlà yẹn ni. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń wọ abúlé kiri lágbègbè Iléṣà, wọ́n ń ra nǹkan àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọyì ẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Béjidé, mo kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Akeem ń padà wálé ní oṣù kẹwàá. Ojú gbogbo ẹbí ni wàá ti gbé fìlà náà sílẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, kó o yáa di ẹrù ẹ.

Bọ́lárìnwá.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹjọ, 1994.

Fúnmilọ́lá,

Ṣé ìwé mi dé? Mi ò rí èsì. Bàbá Béjidé náà ò dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ: ṣé ó ṣì wà àbí kò sí mọ́?

Bọ́lárìnwá.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1994.

Fúnmilọ́lá,

Ẹ kú ilé. Akeem ti dé, ọwọ́ òfo ló dé. Mo bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ̀, kò sọ. Ó kàn ń mi orí. Ó ní kí n bi ẹ́.

Tó o bá ti tà á, sọ fún mi. Tó bá ti jóná, sọ. Mo ti kó àwọn fìlà mi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò lọ sí ìpàdé wọn mọ́. Shalom bi mí pé ti bàbá ńlá òun dà. Yorùbá ló fi bi mí.

Bọ́lárìnwá.


Iléṣà,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá, 1994.

Bàbá Shalom,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrònú. Kò jóná. Mi ò tà á. Ó wà lórí àjà níbi tó ti wà. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn yín balẹ̀.

Mo pẹ́ kí n tó dá yín lóhùn. Ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ fà á. Ìgbà tó yá, kì í ṣe ìbẹ̀rù mọ́. Mo ní kí ẹ̀yin náà dúró díẹ̀, bí ọmọ mi ṣe dúró dè yín.

Ọ̀rọ̀ Bọ́ìsì Brìgéèdì, mi ò tọrọ àforíjì. Èmi ni mo dì í, mo sì mọ ohun tí mo dì. Ẹ ní ẹ máa gba yàrá lọ́wọ́ mi, ẹ ní ọmọ ọ̀tá ni mí. Mo ṣí àpótí bàbá yín, mo wá èyí tó lè jáde lófìfo tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Pé àwọn òyìnbó fi yín rẹ́rìn-ín, ìyẹn dùn mí. Kò sí lọ́kàn mi bẹ́ẹ̀. Mo rò pé inú ilé lẹ ti máa tú u, kí ẹ bínú sí èmi nìkan. Ìgbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti ní Ògúnjìnmí ò dé nǹkan kan, èmi ọmọ Òṣogbo gan-an, mo pòṣé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Akeem ò lè sọ.

Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ni, oòrùn ti yọ dáadáa. Bàbá Béjidé pe gbogbo ilé sí àgbàlá. Akeem dé, ó páàkì mọ́tò sí ẹnu géètì, kò tiẹ̀ pa á, ó ń kùn níbẹ̀. Ìyàwó Bàbá Béjidé ti tẹ́ ẹní síwájú kó lè ríran. Bàbá Béjidé ka ìwé yín sókè. Ibi tí ẹ ti ní mo ti tà á, wọ́n tún un kà. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo pọn Ìbùkún sẹ́yìn, mo ń gbọ́ bí àyà ẹ̀ ṣe ń lù mí lẹ́yìn, àbí àyà èmi ni.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, lọ gbé e wá ká rí i."

Mo wọ ilé ìdáná, mo dojú odó dé, mo gùn ún. Odó náà ń mì lábẹ́ mi. Mo gbé fìlà sílẹ̀, èérí àjà kún ojú mi. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, inú ilé ni mo dúró sí, mi ò jáde. Wọ́n rí i. Ariwo sọ. "Ó wà o! Ó wà!"

Bàbá Béjidé ní, "Ó dáa. A ti rí i. Kó o gbé e fún Akeem kó máa lọ, kí ọmọ wa yéé kọ ìwé èébú sí wa."

Mo ní, "Bàbá, orí ta ló máa dé e jáde?"

Òfin ilé ni. Wọ́n mọ̀ ọ́n, Bàbá Shalom. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn rò pé èmi ò mọ̀ ọ́n ni.

Akeem dìde, ó ní, "Ṣé torí ìyẹn ni? Ẹ gbé e wá, màá dé e."

Ìyàwó Bàbá Béjidé pariwo. "Orí ọmọ Òkè Baálẹ̀ Òṣogbo! Nínú fìlà Kiriji! Ṣé ẹ fẹ́ kí Ògúnjìnmí dìde kó tún kú ni?" Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Akeem náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó.

Bàbá Béjidé wá káṣọ lé èjìká, wọ́n ní, "Ẹ pa ẹnu mọ́. Èmi á dé e jáde." Wọ́n ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, Bàbá mi. Àmọ́ tí ẹ bá dé e jáde, orí yín náà ló máa dé e padà wọlé. Ṣé ẹ máa bá a dé Lọ́ńdọ̀nù ni?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo mọ́tò tó ń kùn. Wọ́n padà lọ jókòó. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọmọ yìí lọ́rọ̀ báyìí?"

Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lórí àpótí wọn. Wọ́n ní, "Èmi ni."

Ẹ̀rù ò kúrò lára mi o. Ó wà níbẹ̀. Mi ò kàn dá a lóhùn mọ́ ni. Mo tú ọ̀já, mo sọ Ìbùkún kalẹ̀. Ó ti ń rìn, ẹ ò mọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo gbé fìlà Ògúnjìnmí, mo gbé e bò ó lórí. Ó bò ó dé imú.

Ìyàwó Bàbá Béjidé fò dìde, ó ní, "Hẹ̀ẹ̀n! Obìnrin ò gbọdọ̀ bo ọmọ ní fìlà ogun!"

Mo ní, "Ìyá wa, obìnrin ló gbé e bọ̀ láti ojú ogun."

Ó padà sórí ẹní ẹ̀. Mo wá kọjú sí àwọn tó kù. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o, gbogbo ilé. Ẹni tó yẹ kó bò ó ní òun ò tíì rí i, òun ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bí i. Mo mọ ẹni tí mo bí i fún. Ẹni tí kò bá gbà kó wá ṣí fìlà lórí ẹ̀."

Mo wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó mira. Ẹ mọ̀ pé nínú ilé yìí, ẹnu mi ni wọ́n fi ń ṣeré, wọ́n ní mi ò lè sọ Ìjẹ̀ṣà dénú. Màmá wá fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀, wọ́n fi Ìjẹ̀ṣà gidi sọ ọ́: "Ọmọ ulé ni." Wọ́n ní kí wọ́n yàgò lọ́nà.

Ìbùkún di òpó ilẹ̀kùn mú. Kò ríran, fìlà ti bò ó lójú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà, ó gbé ìkejì. Ó rìn díẹ̀ nínú oòrùn, ó bá fi ìdí jókòó gbàgà. Àyà mi já, mo rò pé ó máa ké. Ẹ̀rín la gbọ́ nínú fìlà.

Bí mo ṣe gbé e nìyẹn. Mo gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò Akeem kọjá, mi ò wo ojú ẹ̀. Mo lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Ẹkúndayọ̀ onífótò tó wà nísàlẹ̀ òpópó wa. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé wa, àwọn ìyàwó ilé tẹ̀ lé wa, Ìyàwó Bàbá Béjidé náà wà lẹ́yìn pátápátá, ó ní kò sí nǹkan tó kan òun, òun kàn fẹ́ ra máàgì ni. Ìgbà tá a padà dé, Bàbá Béjidé ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ dé fìlà wọlé bó ṣe dé e jáde. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, lórí fìlà náà, wọ́n pè é ní Ìbùkúnolúwa ọmọ Jùwọ́n ọmọ Elisha, wọ́n pè é títí kan Ògúnjìnmí. Ohùn wọn yí pa dà níbi tí wọ́n ti pe àbúrò yín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sọ fún Akeem pé kó pa mọ́tò ẹ̀, kó wá jẹun.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́rùn mi. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá tún kọ̀wé pé kí wọ́n gbà á, ẹ mọ̀ pé orí tó ti dé fìlà yẹn jáde tó dé e wọlé lẹ fẹ́ lé síta.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú yín, mi ò sọ fún Màmá. Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí ẹ ò wá, mo máa ń ní òtútù ni. Wọ́n ní òtútù wo ló ń di ọmọ lọ́nà ilé? Ẹ wá nǹkan mìíràn tí màá sọ, èyí ti ń bà jẹ́. Wọ́n ní kí ẹ kó fìlà yín jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé ẹrù ogun kì í gbé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tún ní orí tiyín náà ti wà nínú ti Ògúnjìnmí, kí ẹ má gbàgbé.

Fótò rè é nínú ìwé yìí. Ẹ gbé e sórí tábìlì yín lọ́jọ́ Sátidé, láàárín àwọn onígíláàsì yẹn. Ihò ọta hàn lápá òsì, mo ní kí Ẹkúndayọ̀ ya ibẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá tún bi yín pé kí ni àwọn èèyàn yín dé jagun, ẹ fi hàn wọ́n. Kí ẹ wá bi àwọn náà: gbogbo fìlà tí wọ́n tò kalẹ̀ yìí, orí wọn dà? Tiwa, orí wà nínú ẹ̀. Ẹ fi han Shalom náà. Tó bá bi yín pé ta ni, ẹ ní àbúrò ẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ wò ó bóyá ó jọ Jùwọ́n. Ẹ ò ní rí i nínú fótò yìí, fìlà bò ó dé imú, ẹnu ẹ̀ nìkan ló hàn, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò ní ya òmíràn ránṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ rí ojú ẹ̀, ẹ wálé wá ṣí fìlà lórí ẹ̀.

Ìyàwó yín,
Fúnmilọ́lá, Ìyá Ìbùkún.